Sí Àṣàbí, Lórí Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Tí A Gbé Sínú Jíìpù Bàbá Àgbà

Ìsàlẹ̀ Òsì,
Ìbàdàn.

Àṣàbí mi, Mọ́dínátù ọmọ dídùn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun, àbí tíì àti búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Ní tiwa, ara wa le, ariwo la sì ń pa. Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n ní kí n má sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí n kàn kí ọ, kí n sì gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí ẹ̀rọ mi ní Bẹyẹrúnkà ni lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ata wà nínú ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà tò sílẹ̀, mo sì pa ẹ̀rọ kí n lè rí i kà dáadáa. O ní ilé ìwòsàn Ìdí-Ayin tí wọ́n gbé ọ lọ láti máa gbẹ̀bí mọ́, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n o ní abúlé tó yí i ká pọ̀, ọ̀nà oko ni gbogbo rẹ̀, ìjọba kò sì fún ọ ní ọkọ̀ kankan. O ní aláboyún kan bímọ sí etí ọ̀nà níbi tí ẹ ti ń dúró de lọ́rì tó ń kó iṣu, pé Ọlọ́run nìkan ló yọ ìyá àti ọmọ. O ní obìnrin àgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí o tó dé kò gbọ́ tìrẹ. O wá ní bí oṣù yìí bá ti parí, ìwọ yóò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ yóò padà wálé, kí o wá máa bá mi lọ ata.

Àṣàbí, mo kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà, inú bí mi. Ṣé torí kí o lè wá máa lọ ata ni mo ṣe fi ata rán ọ níwèé? Àwọn oníbàárà ń pariwo pé kí n tan ẹ̀rọ padà. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó gbà, ó ń dún gbìgbìgbì, ibẹ̀ ni èrò kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo rántí jíìpù bàbá àgbà rẹ.

O mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn agbo ilé wa ló wà láti ìgbà tí o ti gbọ́njú. Ọwọ́ àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ ni bàbá ọkọ mi ti rà á, òun ni wọ́n fi ń lọ oko kòkó, kò sì sí ẹrẹ̀ tí kì í là já. Ìgbà tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kán, tí bàbá náà sì dolóògbé, a pa á tì síbẹ̀. Adìẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Èmi gan-an a máa sá gbodo sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo délé, mo ní kí bàbá rẹ jẹ́ ká tún un ṣe fún ọ. Inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn yóò wá ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù bíi ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní rárá o, dísẹ́ẹ̀lì ni.

"Dísẹ́ẹ̀lì kẹ̀? Kí jíìpù bàbá mi wá máa dún bí ẹ̀rọ ata?"

"Tó bá dún bí ẹ̀rọ ata, tó sì gbé ọmọ yín dé ọ̀dọ̀ aláboyún, kí ló burú ńbẹ̀, Bàbá Mọ́dínà?"

Mo ṣàlàyé fún wọn, màá sì ṣàlàyé fún ìwọ náà, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kò ní púlọ́ọ̀gì tí omi lè bà jẹ́ tí o bá ń la odò kọjá. Tó bá ti ṣáná tán, kò tún béèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti epo rẹ̀, sọ fún mi, Àṣàbí, abúlé wo ni kò ní ìyá kan tó ń lọ ata tàbí ẹ̀lùbọ́? Ibi tí wọ́n bá ti ń lọ ata, dísẹ́ẹ̀lì ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, abúlé tí o bá dé, béèrè ìdí ẹ̀rọ ìlọta kí o tó béèrè ilé baálẹ̀. Jókòó tì wọ́n, bá wọn ṣeré, jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ aláta ni ọ́.

Kí o má sì tijú láti béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ẹ̀rọ, epo tán nínú táńkì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bu òmíràn sí i, mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ títí, kò gbà. Apá mi wú. Ìyá kan wà ní òdìkejì títì tí òun náà ń lọ ata, mo sì rò pé ọ̀tá mi ni, torí pé oníbàárà kan náà la jọ ń dù. Kàkà kí n pè é, mo ń yí ẹ̀rọ lọ, ata olóńjẹ sísè ń gbẹ nínú abọ́. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló sọdá. Ó tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lára pọ́ǹpù, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde títí epo fi ń ṣàn láìhó mọ́, ó dè é padà, ẹ̀rọ gbà. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́, ìyàwó. O ò bá ti pè mí." Àwa méjèèjì di ọ̀rẹ́ títí tó fi kó lọ sí Mọ́lété. Tí epo bá tán nínú jíìpù yìí lọ́nà, afẹ́fẹ́ náà ni yóò wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì ọ̀hún ni kí o tú. Mo ti ní kí Múfú fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Múfú ni mẹkáníìkì tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin dáadáa ni, ó mọ bẹntiróòlù bí ẹní mọ Fátíhà, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan dísẹ́ẹ̀lì rí, kò sì sọ fún wa. Ó bá wa rí ẹ́ńjìnnì lára lọ́rì kékeré kan tó forí gbá igi. Lọ́rì ọ̀hún kò pa ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ nìkan ló run, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì mókun.

Báwo la ó ṣe gbé e délé? O mọ ọ̀nà ilé wa. Ọkọ̀ tó gbé e wá já a sílẹ̀ lójú títì ní Bẹẹrẹ, kò lè wọlé. Àwọn ọkùnrin ilé kó òpó igi wá, wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, wọ́n gbé e léjìká gba àárín ilé onílé, wọ́n ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Àwa ìyàwó ilé tẹ̀ lé wọn, à ń kọrin, à ń ṣàtẹ́wọ́. "Ẹ rọra o! Ìyàwó tuntun lẹ gbé dání! Ẹ má fẹsẹ̀ rẹ̀ gbá ògiri!" Àwọn onílé ń bọ́ síta, wọ́n ń ṣàdúrà fún ẹ́ńjìnnì. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Agbeni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n káwọ́ lérí.

"Nítorí kí ọmọ obìnrin lè máa wa ọkọ̀ nínú igbó ni gbogbo yín ṣe ń làágùn báyìí? Ẹ pè é wálé kó wá lọ́kọ, kó tán."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣàdúrà fún un náà ni." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìmọ̀ràn kejì. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun dé ìdí gíábọ́ọ̀sì àtijọ́, ihò wọn kò ṣe déédéé. Àwọn méjèèjì dára, àwọn méjèèjì le, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn rí. Múfú lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ yí irin, onítọ̀hún gé irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, ó lu ihò ti ẹ́ńjìnnì sí i, ó lu ihò ti gíábọ́ọ̀sì sí i, irin yẹn ló wá dúró láàárín wọn. Wo obìnrin àgbà tó ń ṣe orí kunkun sí ọ. Ìwọ ní ìwé, òun ní ìlú. Má fi agbára so ara rẹ mọ́ ọn. Wá nǹkan tí ẹ̀yin méjèèjì lè dì mú. Bóyá kí o ní kó máa mú ọ lọ kí àwọn abiyamọ tuntun nílé, tàbí kí o béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ìkókó níbẹ̀ kí o tó sọ tìrẹ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí o wọ̀n ọ́n dáadáa o. Irin àkọ́kọ́ yà díẹ̀, kò ju bí èékánná ṣe nípọn lọ. Wọ́n dè é pọ̀, wọ́n fọwọ́ yí i, ó ń kérora. Bàbá rẹ ní, "Ẹ fi sílẹ̀, wọn yóò mọ ara wọn tó bá yá." Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ohun tó bá ń kérora lọ́jọ́ kìíní, ẹ tú u lọ́jọ́ kìíní. Múfú tú gbogbo rẹ̀, ó ń kùn, wọ́n gé irin mìíràn, èyí tó wọlé wọ̀ọ́. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún un, ó dákẹ́.

Ìkẹta. Ẹ́ńjìnnì náà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó jókòó tán, imú jíìpù tẹ̀ bí ẹni tó wà ní rúkúù nídìí ìrun. Wọ́n fi ewé sipírìn, irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ọkọ̀ ró, kún ti iwájú kó tó nàró. Iṣẹ́ tuntun tí o gbà wúwo ju ti ilé ẹ̀kọ́ lọ. Má bínú sí ara rẹ pé ó tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Jẹun, sùn, kí o sì ní ọ̀rẹ́.

Ìkẹrin ni èyí tí bàbá rẹ kò fẹ́ kí o gbọ́.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ṣáná sí i pé, gbogbo agbo ilé ló péjọ sẹ́yìn. Alùfáà ṣàdúrà. Èmi ni mo lé afẹ́fẹ́ inú pọ́ǹpù jáde, mo ń yangàn, ọwọ́ mi kún fún epo. Bàbá rẹ wọ agbádá, wọ́n jókòó sídìí sítíárì, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó húkọ́, ó tú èéfín dúdú, ó gbà! Alihamudulilai! A pariwo, a jó. Ó ń dún bí ẹ̀rọ mi gẹ́lẹ́, omijé bọ́ lójú mi. Nígbà tí a ti jó tẹ́rùn, bàbá rẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi sínú àpò agbádá, wọ́n sọ̀kalẹ̀ bí olóyè.

Ẹ́ńjìnnì kò kú.

Bàbá rẹ sáré padà, wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Ó ń dún lọ. Múfú yọ bátìrì, ó gbé e sílẹ̀. Ó ń dún lọ! Ẹnì kan kígbe pé, "Bàbá àgbà ló wà nínú ẹ̀!" Kí n má purọ́ fún ọ, gbogbo wa la sá. Alùfáà sá. Èmi tí mo ń fọwọ́ ara mi pa ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́, èmi náà sá, bàtà mi kan bọ́ sínú kòtò ìdọ̀tí. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà kí orí mi tó pé. Kọ́kọ́rọ́ kì í pa irú ẹ́ńjìnnì yìí. Epo la máa ń dí mọ́ ọn lẹ́nu. Irin kékeré kan wà lára pọ́ǹpù tí a ń fà, Múfú sì yẹ kó so wáyà mọ́ ọn wá sídìí awakọ̀, kò sì so nǹkan kan.

Kí n tó padà dé ẹ̀yìn, Múfú ti fò sínú ọkọ̀. Ó ki í sí jíà, ó tẹ bíréèkì, ó fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó lè fún ẹ́ńjìnnì pa. Jíìpù fò síwájú bí àkèré, ó kú, ṣùgbọ́n ó ti lọ forí sọ ògiri yàrá Ìyá Agbeni. Erùpẹ̀ dà sílẹ̀.

Ìyá Agbeni jáde síta. Eruku wà lórí gèlè wọn. Wọ́n wo jíìpù, wọ́n wo ògiri, wọ́n wo gbogbo wa.

"Ó dáa. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà wo lẹ wá fẹ́ kó gbà jáde?"

Àṣàbí, ìgbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ìgbà tí ọkọ wọn kú ní Agbeni, tí wọ́n padà sílé bàbá wọn, jíìpù ti dòkú, àwọn àbúrò wọn sì fi ìdùnnú kọ́ yàrá fún wọn sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń gbà jáde. A gbé ẹ́ńjìnnì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú orin, torí pé ọ̀nà kò sí, kò sì sí àgbà kan nínú wa tó bi ara rẹ̀ léèrè. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Bàbá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ wá kù. Wọ́n ní kí Múfú tú jíìpù palẹ̀, kí a kó o jáde ní wẹ́wẹ́. Múfú di orí mú, ó ní tí òun bá tú u, òun kò mọ̀ bóyá òun lè tò ó padà. Ògiri ló yẹ kó wó, gbogbo wa mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n àgbà ilé pé kó kó jáde nínú yàrá rẹ̀? Èmi ìyàwó ilé kọ́. Bàbá rẹ ní àbúrò ni àwọn. Oṣù ń lọ, mo sì mọ̀ pé bí oṣù bá parí, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ yóò ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Ìyá Agbeni pè mí. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà rẹ fún àwọn. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin yẹn ti bímọ sétí ọ̀nà, wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà.

Wọ́n ní, "Ṣé o mọ ibi tí mo bí àkọ́bí mi sí?"

Mo ní, "Rárá, ọkọ mi."

"Inú ọkọ̀ yẹn. Oko kòkó ni mo ti rọbí, bàbá mi gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀, òjò ń rọ̀. Ìsàlẹ̀ òkè Mápó ni ọmọ jáde. Bàbá mi ò wẹ̀yìn, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ, wọ́n ń kígbe pé, 'Akọ ni àbí abo? Akọ ni àbí abo?'" Ẹ̀rín pa wọ́n. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú mi sì kún fómi. Wọ́n dìde, wọ́n tún gèlè wé. "Ẹ wó o jàre. Ṣé ògiri ni yóò gbẹ̀bí ni?"

Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ fi ọmọ odó gún un. Kí oòrùn tó rọ̀, ojú ọ̀nà ti là. Bàbá rẹ wa jíìpù gba orí àlàpà jáde, èmi jókòó tì wọ́n, Ìyá Agbeni wà lẹ́yìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. A gba Bẹẹrẹ, a gun òkè Mápó, ẹ́ńjìnnì kò mí hẹlẹ. A yí gba Ọjà'ba bọ̀, àwọn èèyàn ń juwọ́ sí wa. Bàbá rẹ ní, "Ó ń dún bí ẹ̀rọ ata lóòótọ́." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ títí a fi délé.

Ọjọ́ Àlàmísì ni bàbá rẹ àti Múfú yóò gbé e wá bá ọ, àwọn yóò wọ lọ́rì padà. Gbọ́ mi dáadáa. Má bu bẹntiróòlù sí i, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ ta á fún ọ máa bẹ̀ ọ́ tó. Láàárọ̀, jẹ́ kó gbóná díẹ̀ kí o tó lọ. Kì í sáré, má fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Ìrọra ló fi ń gun òkè, yóò sì gùn ún. Tí o bá fẹ́ pa á, Múfú ti so wáyà ọ̀hún wá sábẹ́ sítíárì, mo sì so aṣọ pupa mọ́ ọn. Fà á, kí o dì í mú títí yóò fi dákẹ́. Ìwọ náà, wá wáyà tìrẹ. Mo mọ̀ ọ́, tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, o kì í mọ̀gbà tí ó yẹ kó o dúró. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń rọbí, ti ilẹ̀kùn, kí o sùn.

Iyèméjì ò sí lọ́kàn mi pé wàá ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ, Àṣàbí, ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọ̀nà igbó yẹn, inú mi sì tún ń dùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí náà mo kó wọn pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. A kò ní kọ́ ògiri yẹn padà, ojú ọ̀nà ló máa jẹ́. Yàrá tìrẹ ni Ìyá Agbeni kó sí. Àpótí wọn wà lórí ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà, ẹní wọn wà nílẹ̀, wọ́n sì ti fi aṣọ títa tuntun sójú fèrèsé. Bí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé, kò sí ibi tí wàá sùn. Mo bi wọ́n bóyá wọn yóò yẹ̀ díẹ̀ fún ọ. Wọ́n ní àwọn kò yẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ rí àwọn, kí o wa ọkọ̀ wá, kí o jẹun, kí o sì wa ọkọ̀ padà síbi iṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń lọ ata.